Ìyá Agogo Tó Pa Ọmọ Lẹ́nu Mọ́

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó má gbà á. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ní kí n dákẹ́, pé èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kí ni mo mọ̀? Mo mọ ohun tí ojú mi rí. Mo sì mọ ohun tí etí mi kò gbọ́. Inú bí mi nígbà náà. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà. Rúùtù ni orúkọ mi. Ilé Ìgbẹ̀bí Ìtura ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé gígùn onípáànù kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìlọrin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, pálọ̀ wà níwájú. Èmi ni mò ń fọ aṣọ, èmi ni mò ń gbé omi gbígbóná, èmi ni mò ń jókòó ti àwọn obìnrin tó bá ń rọbí.

Ìyáàfin Jayéọlá ló ni ilé náà. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ló jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ariwo rárá. Bí aboyún bá ń ké, Màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ bímọ láyé ni?" Bí ọmọ tuntun bá ń sunkún lọ́sàn-án, á fi ọwọ́ di etí. Ohun tó máa ń wù ú ni kí àlejò wọlé kó sọ pé, "Ibí yìí mà dákẹ́ rọ́rọ́ o."

Kí àwọn aboyún má baà máa pariwo pè wá ni ó ṣe ní kí wọ́n wá fi agogo sílé. Bàbá Àkànjí ló wá ṣe é. Ìlú Ọ̀yọ́ ni ilé bàbá náà. Ó ti bá àwọn òyìnbó fa wáyà tẹlifóònù rí.

Pátákó agogo náà tóbi tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Igi dúdú ni férémù rẹ̀, gíláàsì wà lójú rẹ̀. Nínú gíláàsì yẹn ni àwọn fèrèsé kéékèèké wà, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fèrèsé tirẹ̀. Bọ́tìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Bí aboyún bá tẹ̀ ẹ́, agogo á dún nínú pátákó, fèrèsé yàrá rẹ̀ á já wálẹ̀, a ó sì rí àwọ̀ pupa lẹ́yìn rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ la ó mọ ẹni tó ń pè.

Bàbá Àkànjí pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ìka hàn wá.

"Férémù ńlá yìí ni ìyá," ó wí. "Àwọn fèrèsé wọ̀nyí ni ọmọ. Inú ìyá ni ọmọ ń gbé. Bí ẹ bá gbé ìyá kúrò lára ògiri, gbogbo ọmọ á bá a lọ. Bí ẹ bá ti ìyá, gbogbo ọmọ ti tì nìyẹn. Kò sí ọmọ tó lè dá dún."

"Kọ́kọ́rọ́ yìí ńkọ́?" Màmá bi í. Kọ́kọ́rọ́ idẹ kan wà nísàlẹ̀ férémù.

"Òun lẹ ó máa fi ti ìyá. Ẹ máa tì í nígbà tí kò bá sí aboyún nílé, kí bátìrì má baà tètè kú."

Màmá yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi í sí àpò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Afẹ́fẹ́ gbẹ, oòrùn funfun lórí páànù. Màmá ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Obìnrin wà nínú yàrá, ọmọ wà nínú yàrá, síbẹ̀ ó ti ìyá, ó wọlé lọ.

Mò ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lójijì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti inú àwọn yàrá.

Ẹ má rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán ni. Ilé tí ọmọ tuntun wà kì í dákẹ́ báyẹn. Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ mi lórí sìmẹ́ńtì. Mò ń gbọ́ ewúrẹ́ níta. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà yàrá lọ sínú, kò sí ohunkóhun. Bí ẹni tó da òwú sínú ilé.

Mo ṣí ilẹ̀kùn Àníkẹ́, ìyàwó aláṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ahọ́n rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Àníkẹ́ gbé e mọ́ra, ó ń wò mí, ẹnu òun náà ń lọ. Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mo wọlé. Mo ní, "Kí ló dé?" Mi ò gbọ́ ara mi. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò dún.

Mo sá padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Yéè!" Ohùn mi kún gbogbo ilé.

Màmá jáde pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. "Kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣí ìyá."

"Kí ló ṣe ìyá?"

"Ẹ ṣáà ṣí i, mà."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Igbe ọmọ Àníkẹ́ bú jáde. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárín igbe ló ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ti ń ké tipẹ́.

Màmá tún di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó tì í padà. Igbe náà gé. Ó ṣí i. Igbe náà dé. Ó tún tì í, ó dúró síbẹ̀, ó dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tẹ́tí sí ibi tí kò sí ohùn. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ni màá rí níbẹ̀. Ẹ̀rín ni mo rí.

"Màmá, èyí ò dáa o."

"Kí ni kò dáa níbẹ̀? Ṣé ó pa ẹnikẹ́ni lára?"

"Bí wọ́n bá ń pè wá ńkọ́, mà?"

"A ó máa yọjú sí wọn."

"Ohùn wọn ni, mà. Tiwọn ni."

"Rúùtù, èmi ni mò ń gbẹ̀bí fún wọn. Ariwo kọ́ ló ń gbẹ̀bí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, Màmá á ti ìyá. Bí àlejò bá ń bọ̀, á ti ìyá. Àníkẹ́ sọ fún mi pé, "Àǹtí, etí mi ń dí lọ́sàn-án." Màmá ní ara ìbímọ ni, ó máa lọ. Àníkẹ́ gbà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Òmíràn wọ yàrá náà.

Ìyàwó olóyè kan wá wo ilé wa. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń mi orí. "Àwọn obìnrin tiyín mà gbọ́n o. Bí wọ́n ṣe ń bímọ láìpariwo yìí, Ọlọ́run ló mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é." Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní sùúrù ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, obìnrin kan ń rọbí nínú yàrá tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Mo ti rí i kí n tó gbé omi wá. Ó fi eyín di aṣọ ìbora mú. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Màmá wò mí. Mo sọ ọ́ náà.

"Ẹnì kan ń ké lẹ́yìn yín, mà," mo wí.

Ìyàwó olóyè tẹ́tí. Ó wo Màmá. Àwọn méjèèjì jọ fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀yọ́ láti wá Bàbá Àkànjí. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń tún iná bátìrì kan ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ó rẹ̀ mí ni. Ṣùgbọ́n ó bá mi padà.

Màmá ò tilẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ó fi kọ́kọ́rọ́ hàn án bí ẹni tó ń fi ọjà rere hàn. Bàbá Àkànjí ṣí ẹ̀yìn férémù, ó yẹ gbogbo wáyà wò.

"Ẹ gbọ́ mi," ó wí. "Láti yàrá ni wáyà ti ń wá bá ìyá. Kò sí èyí tó ti ọ̀dọ̀ ìyá lọ sí yàrá. Ìyá ò lè rán nǹkan kan sí wọn." Ó tú bátìrì, ó gbé e sílẹ̀. "Ó ti kú báyìí. Ẹ tì í."

Màmá tì í. Bàbá Àkànjí wọ yàrá kan tó ṣófo. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ. Ó pàtẹ́wọ́. Ó tún pàtẹ́wọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, òógùn ti bò ó.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí lẹ́yìn mi?"

"Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, bàbá," mo wí. "Ẹ bá wa tú u kúrò."

"Ta ló ní kí ẹ tú u?" Màmá dá sí i. "Ẹ dá bátìrì mi padà síbi tó wà."

"Ẹ̀yin lẹ máa dá a padà, mà. Èmi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́." Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Kò dúró mu omi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Comfort dé. Ọmọ Ìrẹsà ni, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mátíù ọkọ rẹ̀ ń wa lọ́rì. Ìjọ Aládùúrà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Bí ara bá ń ni Comfort, orin ló máa ń kọ. Kì í pariwo. Á rọra kọ ọ́ lábẹ́ imú, á máa fi ìka lu ẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, Mátíù ní òun ní ẹrù láti gbé. "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó o. Mo máa padà dé nírọ̀lẹ́."

"Máa lọ," mo wí. "Mi ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni àwọn àlejò dé láti Ìbàdàn, àwọn tó máa sọ bóyá ìjọba á fọwọ́ sí ilé wa. Màmá ti wọ aṣọ funfun tó le gbandi. Ó pè mí jáde pé kí n wá gbé tíì.

"Mà, Comfort ti ń rọbí gan-an."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ó di ìrọ̀lẹ́." Ó nawọ́ sí ìyá, ó yí kọ́kọ́rọ́. Orin Comfort gé láàárín ọ̀rọ̀.

Mo gbé tíì náà kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Mo padà sí yàrá.

Comfort ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ó ti rá dé ẹsẹ̀ ògiri, ó nawọ́ sókè, ó di bọ́tìnì mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti tẹ̀ lé e láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí mi, ó ké. Mo rí i tó ké. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Èmi náà ké. Kò sí ohun tó jáde. Àwa méjèèjì dojú kọ ara wa, a la ẹnu síra wa.

Mo sáré sí pálọ̀. "Màmá, ẹ̀jẹ̀!"

Màmá kọ́kọ́ yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ má bínú. Òṣìṣẹ́ wa yìí máa ń tètè bẹ̀rù." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi. "Má dójú tì mí."

"Ẹ̀jẹ̀ ti dé ilẹ̀, mà! Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá!"

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹnì kan ń rọbí níbí ni? A ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò lè gbọ́, sà! Wọ́n ti ohùn rẹ̀ mọ́lé!"

Màmá fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di férémù náà mú, mo fà á. Ìṣó tu lára ògiri. Ìyá bọ́ lulẹ̀, gíláàsì fọ́ wẹ́wẹ́.

Gbogbo yàrá bú sí ariwo.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ariwo náà ju àwọn tó wà nílé lọ. Yàrá tó ṣófo ń ké. Ọmọ ń sunkún níbi tí kò sí ọmọ. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ ọkùnrin. Mo gbọ́ ohùn Àníkẹ́ tó ń bi mí pé, "Àǹtí, kí ló ṣe ọmọ mi?" Àníkẹ́ sì ti padà sílé ọkọ rẹ̀ tipẹ́. Àwọn àlejò dìde, wọ́n fi ọwọ́ di etí. Ó pẹ́ díẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó tán.

Yàrá Comfort nìkan ni kò dún.

Màmá sáré nígbà náà. Kí n sọ òótọ́: ó sáré, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ọwọ́ la fi ń júwe fún ara wa. Ọmọ náà jáde. Ọkùnrin ni, ó ń ta ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Kò dún. Màmá gbá a nídìí. Kò dún. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ìta. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan jáde ní ẹnu ọ̀nà, igbe ọmọ náà bẹ́ sí mi létí.

Mo gbé e padà wọlé kí ìyá rẹ̀ rí i. Comfort fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó ń rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń rán èèyàn níṣẹ́. Mo mi orí, mo tọ́ka sí etí mi. Kò yé e. Mo fẹ́ gbé Comfort jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè gbọ́. Màmá di ọwọ́ mi mú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Comfort sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó kú.

Mátíù dé nírọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ rántí bó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó bi mí pé, "Kí ló sọ?"

"Mi ò gbọ́, Mátíù."

"Ẹ wà níbẹ̀ kẹ̀, Àǹtí."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé ó sọ ọmọ lórúkọ?"

"Ẹnu rẹ̀ lọ. Mi ò mọ ohun tó pè."

Àwọn ìjọ rẹ̀ sọ ọmọ náà ní Ọlọ́runnísọ̀lá. Gbogbo ìgbà tí Mátíù bá rí mi lójú ọ̀nà, á dá lọ́rì dúró, á tún bi mí léèrè, bóyá mo ti rántí. Bíi pé mo gbàgbé ni.

Àwọn àlejò yẹn ńkọ́? Wọ́n kó àpò wọn, wọ́n lọ. Gbogbo wọn ló gbọ́ ariwo yẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ọ́ síta. Màmá ní jìnnìjìnnì ló bá mi tí mo fi fọ́ agogo. Ìlú ní ẹ̀jẹ̀ ló pa Comfort. Ẹ̀jẹ̀ ló pa á lóòótọ́. Ẹni tó ti ohùn rẹ̀ mọ́lé ńkọ́? Kò sí ẹni tó béèrè.

Wọ́n fi àáké la férémù. Wọ́n fa gbogbo wáyà kúrò lára ògiri. Àwọn yàrá yòókù dára. Ti Comfort kò padà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ síbòmíràn, títí ilé fi dá, tí ó ku Màmá nìkan.

Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí. Mi ò fẹ́ lọ. Mo lọ. Ọ̀sán ni. Ó ti rù, bùbá rẹ̀ ń fẹ̀ lọ́rùn.

"Ẹ kú ilé, mà."

"O káàbọ̀. Tẹ̀lé mi."

Ó rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí yàrá Comfort, ó wọlé. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ jáde wá sọ ọ́ níbí."

Ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu rẹ̀ ti ń lọ. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ lu àyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni. Inú bí mi. Nínú gbogbo ilé, ibí yìí ló ti wá bẹ̀ mí!

Ìgbà náà ni mo rí i pé èmi kọ́ ló ń wò. Ẹsẹ̀ ògiri ló ń wò, níbi tí Comfort rá dé lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́. Ó dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mi orí, bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún mi orí. Ó dáhùn ní ṣókí. Ó tún dákẹ́, ó ń gbọ́.

Ó dìde, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Mo di apá rẹ̀ mú. "Kí ló sọ? Màmá, kí ni Comfort sọ?"

"Kò ní kí n sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ọkọ rẹ̀ ń béèrè! Kí wá lẹ pè mí fún?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé.

"Òun ló ní kí n pè ọ́," ó wí.